Ṣé ká lọ sí Stockholm lóṣù kejìlá ni, àbí ká dúró di oṣù kẹjọ?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ ni mí n'Íbàdàn. Àbúrò mi ọkùnrin ti ń ṣiṣẹ́ ní Stockholm, olú ìlú Sweden, láti bí ọdún márùn-ún, ó sì ti ní kí èmi àti màmá wa wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ òun. Ó ní ká wá lóṣù kejìlá, ká lè rí yìnyín àti iná aláwọ̀ ewé tó máa ń jó lójú ọ̀run. Ọkọ mi ní òtútù ibẹ̀ á pa màmá. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n, orúnkún sì máa ń dùn wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti débẹ̀ rí ní tó bá jẹ́ ìgbà ooru, ilẹ̀ kì í ṣú rárá, pé a ò ní lè sùn, a ò sì ní mọ ìgbà tó yẹ ká kírun. Ìgbà wo gan-an ló dáa jù? Ìsinmi iléèwé nìkan ni mo lè fi rìnrìn àjò."

Ẹ ṣé fún ìbéèrè yín, ẹ sì bá mi kí màmá. Tí mo bá tú ọ̀rọ̀ yín wò, ẹ̀rù mẹ́ta ló wà níbẹ̀: òtútù, àìsùn àti ìrun. Àwọn mẹ́ta tó gbà yín nímọ̀ràn, olúkúlùkù wọn ló mú òótọ́ díẹ̀ dání. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń gbé Stockholm, mi ò sì lè ka iye àlejò tí mo ti lọ pàdé ní pápákọ̀ òfurufú Arlanda mọ́. Mi ò tíì rí ọ̀kan tí òtútù lé padà sílé. Àwọn tí mo rí tí wọ́n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì látàárọ̀, tí wọ́n ń ka ọjọ́ tó kù kí wọ́n padà, òkùnkùn ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Torí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ná.

N'Íbàdàn, ọyẹ́ ì báà máa fẹ́, òjò ì báà máa rọ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje àárọ̀ ni oòrùn ń yọ, aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje alẹ́ ló sì ń wọ̀. Ìtòsí ìlà agbedeméjì ayé la wà, ìdí nìyẹn tí ọ̀sán àti òru wa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba yípo ọdún. Ìbàdàn wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 sí àríwá ìlà yẹn. Stockholm wà ní 59. Ayé tó ń yí yìí kò sì dúró ṣánṣán, ńṣe ló dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí orí rẹ̀ bá tẹ̀ síhà oòrùn, ọ̀sán àwọn ará òkè á gùn. Nígbà tó bá kẹ̀yìn sí i, ọ̀sán wọn á kúrú débi pé aṣọ tí ẹ bá sá síta ò ní gbẹ. Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹfà, aago mẹ́ta ààbọ̀ ìdájí ni oòrùn ń yọ ní Stockholm, ó sì ń kọjá aago mẹ́wàá alẹ́ kó tó wọ̀. Lọ́jọ́ 21 oṣù kejìlá, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ á ku díẹ̀ kó tó yọ, aago mẹ́ta ọ̀sán ò sì ní tíì lù tó ti wọ̀. Wákàtí mẹ́fà péré nìyẹn. Nínú wákàtí mẹ́fà ọ̀hún gan-an, kì í gòkè. Lọ́sàn-án gangan, ibi tó máa ń wà ni ibi tí oòrùn ilé wa máa ń wà nígbà tó bá ku bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó wọ̀. Òjìji yín á gùn bí igi àgbọn. Ìyẹn tí ojú ọ̀run bá mọ́ o, nítorí oṣù kọkànlá àti ìkejìlá, ìkùukùu ló ń jọba.

Ẹ wá jẹ́ kí n dá àbúrò yín lóhùn, kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣì yín lọ́nà. Iná aláwọ̀ ewé tó ní ẹ ó rí, Kiruna àti agbègbè rẹ̀ lápá òkè Sweden lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń wò ó. Ó lé ní 900 kìlómítà sí Stockholm, ọkọ̀ ojú irin tí èèyàn sì ń sùn mọ́jú nínú rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀. Ó máa ń yọ sí Stockholm lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ iná ìlú àti ìkùukùu kì í jẹ́ ká rí i. Ẹni tó bá torí ẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì wá síbí, àfi kó gbà pé tẹ́tẹ́ lòún ta. Yìnyín pàápàá kò dájú lóṣù kejìlá. Mo ti rí ọdún Kérésì tí òjò wíníwíní rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, tí ọ̀dà ojú títì ń dán bí bàtà tuntun. Oṣù kejì ni yìnyín sábà máa ń fìdí kalẹ̀ níbí.

Ọ̀rẹ́ yín náà gbé Kiruna pọ̀ mọ́ Stockholm. Lápá òkè yẹn, oòrùn kì í wọ̀ rárá láti ìparí oṣù karùn-ún títí di àárín oṣù keje. Ní Stockholm, ó ń wọ̀, àmọ́ lóṣù kẹfà, kì í rì jìn. Gbogbo òru ni ojú ọ̀run máa ń rí bí àfẹ̀mọ́júmọ́. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan wá láti Òṣogbo ní àárín oṣù kẹfà. Lálẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n jókòó sí báńkóní, wọ́n ń retí kí ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó jẹun, nítorí wọn kì í jẹun alẹ́ lójúmọmọ. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, oòrùn ṣì wà lórí òrùlé ilé kejì. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wọn kì í sùn níbí ni?" Lọ́jọ́ kejì, a jí bá wọn ní kíṣìnì ní aago mẹ́rin ìdájí. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wé gèlè, wọ́n ń bínú pé ọmọ àwọn ń sùn títí oòrùn fi gòkè. A fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, ó parí. Kọ́tìnnì tí kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù níbí, kò sì wọ́n. Àìsùn ìgbà ooru ní oògùn. Òkùnkùn ìgbà òtútù, ẹ lè tan gbogbo iná ilé, kò ní kí òde mọ́lẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ ìrun, èmi kì í ṣe àlùfáà, ohun tí mo mọ̀ nìkan ni màá sọ. Ní àárín oṣù kẹfà, Mògàríbì ń kọjá aago mẹ́wàá alẹ́. Bí òru kì í ti í ṣú tán, àmì tí wọ́n fi ń mọ Ìṣáì kì í fara hàn dáadáa, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kò sì fẹnu kò lórí ohun tó yẹ kéèyàn ṣe. Mọ́sálásí ńlá kan wà nítòsí gbàgede Medborgarplatsen tí wọ́n ṣí lọ́dún 2000. Ilé tó jẹ́ ilé iṣẹ́ iná mànàmáná tẹ́lẹ̀ ni, tí ẹ bá wò ó látìta, ẹ ó rí i pé wọn ò kọ́ ọ bíi mọ́sálásí wa. Àkókò tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ń tẹ̀ lé. Lóṣù kejìlá, òdì kejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀: Àìlà á wọlé ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, Mògàríbì á sì ti dé kí aago mẹ́ta tó lù, Àlàásárì á há sáàárín wọn. Ìrun mẹ́ta láàárín wákàtí mẹ́ta, ẹ wá fojú inú wo bí ẹ ó ṣe rí ọjọ́ kan fi rìn kiri ìlú. Ìyọ̀ǹda tí arìnrìn-àjò ní láti dín ìrun kù, bóyá ó kan ẹni tó fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ méjì lójú kan, alfa yín ló lè sọ ìyẹn fún yín.

Ó wá kan òtútù. Inú ilé ò tutù níbí. Fèrèsé wọn ní gíláàsì ìpele méjì tàbí mẹ́ta, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru kì í sì í kú láti ìgbà tí òtútù bá ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn wa tó ń ti London wá máa ń yà á lẹ́nu pé ẹ̀wù kan ṣoṣo la wọ̀ nínú ilé lóṣù kìíní. Ní ìta, òtútù gbígbẹ pẹ̀lú oòrùn, ká ní ìwọ̀n 8 nísàlẹ̀ òdo lórí Celsius, rọrùn ju ìwọ̀n 2 lókè òdo tó bá òjò àti atẹ́gùn òkun rìn. Àkọ́kọ́ yẹn, aṣọ ìpele mẹ́ta àti fìlà tó bo etí ti tó. Èkejì ń wọ inú egungun.

Orúnkún màmá ni mo ń rò ju òtútù lọ. Ohun tó ń dá àgbàlagbà dùbúlẹ̀ níbí ni ilẹ̀ yíyọ̀. Nígbà tí ìwọ̀n bá ń lọ sókè sódò yí òdo ká, yìnyín á yọ́ lọ́sàn-án, á di omi, òru á tún sọ ọ́ di gíláàsì tí ojú ò rí. Ìjọba ìlú máa ń da òkúta wẹ́wẹ́ sójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́ rẹ̀ lábẹ́ bàtà, àmọ́ wọn kì í lè dà á dé ibi gbogbo. Àwọn arúgbó ìlú yìí máa ń fi rọ́bà onírin ṣóńṣó-ṣóńṣó kan bọ abẹ́ bàtà wọn, broddar ni wọ́n ń pè é. Ó ń gba èèyàn là, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ tún gbọ́dọ̀ bọ́ ọ tí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, á sì sú ẹni tí orúnkún ń dùn. Nítorí èyí nìkan, mi ò ní mú ìyá ẹni ọdún 68 wá síbí láàárín oṣù kejìlá sí ìkẹta bí ọ̀nà mìíràn bá wà.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ ba oṣù kejìlá jẹ́. Ó ní iyì tiẹ̀. Irú àsìkò yẹn lọ́dún 1986 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soyinka wá gba ẹ̀bùn Nobel ní Stockholm níbí. Ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ni wọ́n ń pín in lọ́dọọdún, nítorí ọjọ́ yẹn ni Alfred Nobel kú lọ́dún 1896. Ẹ lè wọ gbọ̀ngàn ìlú tí wọ́n ti ń jẹ àsè rẹ̀ lóde òní, Stadshuset, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1923. Yàrá Aláwọ̀ Búlúù ni wọ́n ń pe yàrá àsè náà, bíríkì pupa ni wọ́n sì fi kọ́ ọ, kò sí búlúù kankan lára ògiri rẹ̀. Ní ọjọ́ 13, ọjọ́ Lucia, àwọn ọmọbìnrin máa ń gbé àbẹ́là sórí nínú aṣọ funfun, wọ́n á máa kọrin nínú òkùnkùn òwúrọ̀. Gbogbo fèrèsé ìlú ló máa ń ní fìtílà. Ó rẹwà, mi ò purọ́. Àmọ́ ìdajì àkọ́kọ́ oṣù náà ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀, iléèwé yín ò sì ní tíì gbàsinmi nígbà náà. Ìgbà tí ẹ ó fi dé, ọdún Kérésì ló kàn. Ọjọ́ 24 gan-an ni wọ́n ń ṣe é, kì í ṣe 25, inú ilé olúkúlùkù ni wọ́n sì ń ṣe é. Ilé ìtajà á tì, ìgboro á pa lọ́lọ́. Ẹni tó bá mọ ariwo Kérésì n'Íbàdàn á rò pé wọ́n lé ará ìlú lọ ni.

Ìsinmi Ọdún Àjíǹde, oṣù kẹta sí ìkẹrin, mo máa ń pè é ní ìgbà ẹ̀tàn. Ìmọ́lẹ̀ ti padà, ọ̀sán ti gùn ju tilé wa lọ, oòrùn ń tàn yòò, àmọ́ kò ràn. Òkun àti adágún Mälaren tó yí ìlú ká ṣì tutù bí inú firísà, wọ́n sì ń fẹ́ òtútù yẹn sí gbogbo ìlú. Àlejò á wojú fèrèsé, á jáde pẹ̀lú ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á sáré padà wọlé. Òdòdó igi ṣẹ́rì tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò rẹ̀ ní ọgbà Kungsträdgården, ìparí oṣù kẹrin ló sábà máa ń tanná, ẹ ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ fò ó.

Ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn yín, láti ìparí oṣù keje títí wọ oṣù kẹsàn-án, lọwọ́ mi wà. Oṣù keje ló móoru jù. Ìwọ̀n 23 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ló máa ń kàn lọ́sàn-án, bíi ti àárọ̀ kùtùkùtù nílé. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń kọjá bẹ́ẹ̀; lọ́dún 2018, ooru pọ̀ débi pé igbó ń jó káàkiri Sweden, ọ̀pọ̀ ilé ò sì ní ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí wọ́n kọ́ ilé láti mú ooru dání ni. Ohun tí mi ò fẹ́ nípa oṣù keje ni pé àwọn onílùú kì í sí nílé. Wọ́n á ti kó lọ sí ilé ìsinmi wọn ní ìgbèríko, àwọn ilé oúnjẹ kéékèèké á lẹ "a ti lọ sinmi" mọ́ ẹnu ọ̀nà, ìlú á wá kù sọ́wọ́ àwa àti àwọn arìnrìn-àjò afẹ́.

Láti bí ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ títí di ọjọ́ 25, ìgbà yẹn ni mo máa mú fún màmá yín. Omi kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Ooru tí òkun kó jọ látọjọ́ yìí ló ń tú sílẹ̀, tí alẹ́ fi ń tuni lára. Oòrùn ń yọ ní nǹkan bí aago márùn-ún àárọ̀, ó ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́, òkùnkùn gidi sì ń tẹ̀ lé e. Màmá á sùn, ẹ ó sì mọ ìgbà ìrun. Àwọn ará ìlú ti ń padà dé, ilé oúnjẹ ti ṣí. Ọkọ̀ ojú omi ṣì ń lọ déédéé sí àwọn erékùṣù tó wà níwájú ìlú, tó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n tí èèyàn bá ka àpáta kéékèèké mọ́ ọn. Ẹ wọ ọ̀kan lọ sí Vaxholm, bíi wákàtí kan ni, ẹ jókòó sí òkè ọkọ̀ kí màmá máa wo ilé onígi aláwọ̀ mèremère létí omi. Orúnkún ò ní ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Oṣù kẹjọ náà ni wọ́n máa ń pé jọ jẹ edé ńlá pupa olóorùn ewéko, tí wọ́n á so fìtílà bébà kọ́ sókè. Oṣù yẹn tún ni wọ́n ń ṣí agolo ẹja kíkan kan tí àwọn ọmọ Sweden pàápàá máa ń sá fún òórùn rẹ̀. Èmi tí wọ́n fi irú tọ́ dàgbà, mo rò pé mo lè ṣe é. Mi ò lè ṣe é.

Àbùkù oṣù kẹjọ ni òjò, nítorí ìgbà ooru lòjò ń pọ̀ jù níbí. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Gbogbo òjò tó ń rọ̀ ní Stockholm lọ́dún kan kò tó ìdajì ti Ìbàdàn, kì í sì í ṣe èyí tó ń ṣí páànù. Ọjọ́ tó bá rọ̀, ẹ kó lọ wo ọkọ̀ Vasa nínú mùsíọ́mù rẹ̀ ní erékùṣù Djurgården. Ọkọ̀ ogun ńlá tí ọba kàn, tó rì ní ìrìn àkọ́kọ́ lọ́jọ́ 10 oṣù kẹjọ 1628, kò tíì jáde kúrò ní etí ìlú. Ọdún 333 ló lò lábẹ́ omi kí wọ́n tó fà á jáde ní 1961, igi rẹ̀ ṣì dúró, nítorí iyọ̀ inú òkun yìí kéré débi pé kòkòrò tó ń jẹ igi ọkọ̀ kò lè gbé inú rẹ̀. Ẹ óò rí i látòkè délẹ̀, ẹ̀rọ agbéniròkè sì wà fún màmá.

Ohun tí mi ò lè ṣèlérí ni ojú ọjọ́. Mo ti rí àárín oṣù kẹjọ tí òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà nínú ọjọ́ mẹ́wàá, mo sì ti rí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án tí àwọn ọmọdé ṣì ń wẹ̀ lódò. Ẹ kó jákẹ́ẹ̀tì kan tí omi ò lè wọ̀, àti súẹ́tà fún màmá. Mi ò mọ bí ara wọn ti rí kọjá orúnkún, torí náà kí dókítà wọn gbọ́ sí i. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń bọ̀ ni, tí iṣẹ́ ò sì dè yín mọ́lẹ̀, màá ní kẹ́ ẹ wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹfà kẹ́ ẹ wá wo òru tí kì í ṣú, tàbí kẹ́ ẹ wá lóṣù kejì kẹ́ ẹ rí yìnyín gidi.

Ní ti físà, wọn kì í gba ìwé ju oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, ó sì gbọ́dọ̀ wọlé ó kéré tán ọjọ́ 15 ṣáájú. Ẹ má dúró de ọjọ́ 15 yẹn, nítorí àyè àtilọ fi ìwé sílẹ̀ máa ń tètè kún tí ìgbà ooru bá ń bọ̀. Ẹni tó bá ń lọ lóṣù kẹjọ, kó ti wà lẹ́nu ẹ̀ lóṣù kẹta sí ìkẹrin. Ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò tó lè san owó ìtọ́jú àìsàn tó tó 30,000 yúrò jẹ́ dandan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun kan tún kù tí àlejò kì í rò. Òfin Sweden fún òṣìṣẹ́ láyè ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tẹ̀léra-tẹ̀léra láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹjọ. Níbi iṣẹ́ púpọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n ti ń pín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn láàárín ara wọn, àwọn tó ní ọmọ níléèwé ló sì máa ń kọ́kọ́ yàn, nítorí iléèwé ibí ń wọlé padà ní àárín oṣù kẹjọ. Bí àbúrò yín bá jáfara, òun á wà níbi iṣẹ́ láti aago mẹ́jọ, ẹ̀yin àti màmá á máa wo ara yín nínú ilé. Ẹ pè é lálẹ́ yìí, kó lọ kọ orúkọ rẹ̀ sí ọjọ́ 8 sí 25 oṣù kẹjọ kó tó di pé wọ́n pín in tán.